Ajá Kẹrìnlá

Ní Lugo, òjò kì í bi èèyàn kó tó rọ̀.
Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn ilé ajá,
màá súfèé lẹ́ẹ̀kan péré.
Àwọn yòókù á máa gbó. Kẹrìnlá kì í gbó.
Á dìde, á na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á wá fi imú tútù kan ọwọ́ mi
bíi pé òun ló fẹ́ mọ̀ bóyá mo sùn dáadáa.

Dókítà Brais ti yọ eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta,
mẹ́rin lósì, mẹ́rin lọ́tùn-ún.
Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jiná, wọ́n de ìṣó táítáníọ́mù sí i,
ìṣó kékeré tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki bí èèpo ọ̀pẹ òyìnbó,
irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé sẹ́nu rí.
“Ká mọ̀ bóyá egungun á gbà á.”
Egungun gbà á. Egungun ò bi irin pé ta ló rán an wá;
ó kàn dì mọ́ ọn, bí gbòǹgbò ṣe ń dì mọ́ òkúta.

Èmi ni mò ń rẹ oúnjẹ rẹ̀ sínú omi gbígbóná.
Èmi ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ẹnu fún un lálaalẹ́.
Mi ò fún un lórúkọ. Òfin ilé iṣẹ́ ni.
Irọ́ ni mo pa: Néboa ni mò ń pè é,
kùrukùru, nítorí etí rẹ̀.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Ní Ọjọ́bọ ọ̀sẹ̀ kejìlá, mo súfèé.
Ó gbọ́.
Ó gbọ́, ó ń ju ìrù bọ̀ wá bá mi
ní yàrá tí abẹ́rẹ́ ti ń dúró.

Wọ́n rẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà pẹlẹbẹ, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé,
wọ́n pa á láró, wọ́n gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù.
Brais pè mí kí n wá wò ó. Ó lẹ́wà; mi ò ní purọ́ lẹ́ẹ̀kejì.
“Ìdá mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló lẹ̀ mọ́ ọn,” ló wí,
ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, Evaristo bàbá mi,
tó ti fi ọbẹ̀ lásán gbé ayé láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti tán,
jókòó sídìí iná, ó gé ápù jẹ, ó dún kàù.
“Ṣé o gbọ́ ọ?” Ó tún gé e.
Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ta ni ò ní bá bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín?
Ó wá bi mí pé ẹnu ta ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò.
Mo ní òjò ti ń ṣú, ẹ jẹ́ kí n lọ ká aṣọ.

Kò sí aṣọ lórí okùn.
Mo dúró lẹ́yìnkùlé. Mo súfèé lẹ́ẹ̀kan péré.