Ohun Tí Abẹ́rẹ́ Mi Mọ̀

Èmi ni mo ń rán aṣọ eré ní tíátà Galați,
nínú yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn,
níbi tí páìpù omi gbígbóná ti ń kùn bí arúgbó.
Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé.
Ẹni bá fẹ́ mọ Catinca Hurduc, kó má bi oníwèé ìròyìn.
Kó wá bi téèpù ìwọn mi.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ dúró níwájú mi.
Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin ìdájí ló gbé e wá láti Tecuci,
bàtà rẹ̀ ti mu omi yìnyín yó.
Iṣẹ́ tí wọ́n fún un: kó gbé tíréè tíì wọlé,
kó gbé e jáde.
Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
ó wo ife tí ẹnikẹ́ni kò mu,
gbogbo ilé sì dákẹ́, wọ́n bá a wo ife.
Olùdarí bínú.
Èmi, mo gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó di ìyàwó.
Ìyàwó, ìyàwó, ìyàwó ṣáá fún ogún ọdún:
ìyàwó tí wọ́n já jù sílẹ̀, ìyàwó tó rì sínú Dánúbì,
ìyàwó tó ń sunkún nínú tẹlifíṣọ̀n ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́,
tí àwọn aládùúgbò mi ń pariwo mọ́ ògiri pé, "Má gbà fún un!"
Aṣọ funfun kan náà ni. Mo tú u, mo rán an, mo tún un tú,
títí òwú fi kọ̀ láti di aṣọ mú.

Ó pé ogójì ọdún, fóònù dákẹ́.
Wọ́n ní ìyá ọkọ ló kù. Wọ́n ní ó sì lè ṣe òkú,
òkú tó rẹwà, ìṣẹ́jú méjì péré.
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ojú.

Ló bá ń wá jókòó lórí àpótí bọ́tìnnì mi lọ́sàn-án,
ó ń kọ̀wé sẹ́yìn bébà tí mo fi ń gé aṣọ.
Mo ní, "Catinca, apá kóòtù ọba lo kọ̀wé sí yìí."
Ó ní, "Ọba ò nílò apá méjèèjì."
Bẹ́ẹ̀ ni ọba wa ṣe wọ kóòtù tó kúrú lápá òsì lóṣù náà.
Kò sẹ́ni tó rí i.

Ìtàn obìnrin mẹ́ta ni, tí wọ́n ń jó irin pọ̀
níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi.
Ọ̀gbẹ́ni kan ní Bukarẹ́sítì bi í pé, ọkùnrin inú rẹ̀ dà?
Ó ní, "Ó wà nílé, ó ń bó ọ̀dùnkún."
Wọ́n tilẹ̀kùn.

Ó ta ọgbà àjàrà tí ìyá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Nicorești,
ó yá kámẹ́rà fún ọjọ́ mọ́kànlá,
ó san owó ọjọ́ mẹ́jọ.
Òun ló ń bẹ ọlọ́pàá, òun ló ń se ẹ̀wà sínú garawa fún gbogbo wa,
òun náà ló tún ń sáré lọ síwájú kámẹ́rà
pẹ̀lú èéfín lára ìpéǹpéjú.
Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké,
ṣùgbọ́n mo wo àáké yẹn. Kò mú mọ́.

Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wá wò ó. Ó ṣì jẹ gbèsè ọjọ́ mẹ́ta.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ kẹsàn-án.
Ìyá arúgbó tó yẹ kó gbé tíì wọlé kò wá.
Catinca fa téèpù yọ lọ́rùn mi,
ó wọn ìbàdí mi, ó ní, "Dúró dáadáa."
Mo bi í ní ọ̀rọ̀ tí n ó sọ.
Ó ní, "Ṣáà wo ife náà."
Mo wò ó.
Tíì ti tutù.