Ewé Tó Fẹ́ Kí A Tẹ Òun

Ní Fájíníà Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí òkè ti ń fèjìká ti òkè,
ọ̀nà agégẹdú kan wà tí kò lọ síbì kankan mọ́.
Ibẹ̀ ni Verlin Stalnaker ń kúnlẹ̀ sí lóṣù karùn-ún,
orúnkún rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́,
ó ń ka kílófà.

Ọ̀kan. Èjì. Èyí kọ́, àjèjì nìyẹn,
ó bá ọkọ̀ ojú omi dé, ó di onílé.
Wo ọrùn òdòdó:
ti ọmọ onílẹ̀ ní ewé méjì lábẹ́ àgbọ̀n, bíi kọ́là ẹ̀wù;
ti àlejò, ọrùn gbalaja.

Ẹfọ̀n ló ń tẹ̀ ẹ́ láyé ọjọ́un,
ẹfọ̀n onírun, agbo tó ń kọjá tí ilẹ̀ ń mì tìtì.
Pátákò a já a, ìgbẹ́ a bò ó,
a tún na apá gbọọrọ, a ta gbòǹgbò síwájú.
Ìbọn kó ẹfọ̀n lọ.
Wọ́n kọ ewé náà mọ́ òkú,
àfi lọ́jọ́ tí ẹnìkan rí i
tó ń rẹ́rìn-ín nínú ipa táyà.

Ìjọba bá kó wáyà dé.
Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́.
Verlin fọwọ́ ara rẹ̀ ri òpó,
ó ti géètì, ó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tí ọmọ ń sùn nílé.
Lọ́dún kẹta igi da òjìji bò ó.
Mọ́kànlélọ́gọ́ta di mẹ́sàn-án.

Oleta ìyàwó rẹ̀ ń bó ẹ̀wà, kò gbójú sókè:
“Àkẹ́bàjẹ́ lo kẹ́ ẹ.”

Lóru ọjọ́ náà ó gé wáyà.
Ó ṣáná sí ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́,
ó wà á lọ, ó wà á bọ̀, lórí ohun tó fẹ́ràn.
Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ó sunkún.

Èyí ti pẹ́. Oleta ti lọ.
Lẹ́tà dé lánàá: wọ́n ti yọ orúkọ kílófà
kúrò nínú ìwé àwọn tó fẹ́ run.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ife kọfí lé e.
Aláìsàn tí wọ́n ní kó máa lọ sílé,
ta ni yóò bá a rìn dé ẹnu ọ̀nà?

Ó gbé fóònù, ó pe ọmọ Clendenin,
èyí tó ní màlúù méjìlá.
Kó dà wọ́n gba ọ̀nà agégẹdú lọ́la,
ó ní,
kí wọ́n má sì rọra.