Owó Ìdúró

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú la sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà
létí ìsédò Ọ̀wẹnà, èmi àti Jọláadé àbúrò mi.
Dókítà eegun ní Àkúrẹ́ ló ní kí n máa rìn.
Ó ní orúnkún tí a ò bá lò á dógùn-ún
bí ilẹ̀kùn ilé tí onílé rẹ̀ ń gbé Èkó.
Jọláadé ló mú omi wá, ló mú bọ̀ọ̀lì mẹ́rin wá,
ló sì mú ẹnu rẹ̀ wá.
"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó o kọ́kọ́ gbé," ló wí.
Mo ní òsì ló ń dùn mí, òun ni mo gbé wá.

Ọ̀nà náà kò le, kò sì rọ̀.
Ó gun òkè díẹ̀ lábẹ́ àwọn igi tíìkì,
ó sọ̀ sínú ẹrẹ̀ níbi tí màlúù ti ń mumi,
ó fún mọ́ ẹ̀yìn oko kòkó ẹnìkan,
ó tún ṣàdédé fẹ̀,
bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ wí.
Adágún wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, kò kúrò níbẹ̀.
A rìn, ó dá gún.
A jókòó mí, ó dá gún.
Mo ní, àbí torí èyí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ?
Jọláadé ní kí n tọ́jú èémí mi de òkè tó ń bọ̀.

Oko bàbá wa àgbà wà lábẹ́ omi yìí.
Akíndùró lorúkọ rẹ̀, ó sì dúró lóòótọ́.
Ó dúró títí àwọn awọnlẹ̀
fi fi ọ̀dà pupa sàmì sí kòkó rẹ̀ lára.
Ó dúró títí owó gbà-má-bínú fi dé,
owó tí kò kan ju páànù ìdajì ilé lọ.
Ó dúró títí omi fi dé kókósẹ̀ rẹ̀.
Ìyá wa ló lọ fà á jáde.
Ọjọ́ méjì gbáko, kò fọhùn.
Ní ọjọ́ kẹta ó bèèrè
bóyá ẹnì kan rántí ti ilẹ̀kùn àká.

Nígbà tí a yí i dé ìdajì,
igi gbígbẹ kan yọrí lójú omi.
Ẹyẹ dúdú ọlọ́rùn gígùn kan bà lé e,
ó na ìyẹ́ méjèèjì bí ẹni ń sáṣọ.
Mo dúró. Mo ní igi ọbì bàbá nìyẹn, tẹ̀yìn àká.
Jọláadé ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá,
igi ọbì wà lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀,
ìrókò ààlà nìyí.
A jiyàn, ohùn wa ń ta lórí omi.
Orúnkún mi gan-an pa ìrora tì, ó ń gbọ́ wa.
Ọmọkùnrin kan ń wa ọkọ̀ kékeré bọ̀, àwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.
A pè é ṣe onídàájọ́.
Ó wo igi, ó wò wá, ó fi àjẹ̀ gbọn omi nù.
"Ẹ̀yin àgbà, òpó ni.
Bàbá mi ló rì í mọ́lẹ̀ ní èṣí,
ibẹ̀ la ń so àwọ̀n mọ́."

A jẹ bọ̀ọ̀lì tó ti tutù. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ó pẹ́ díẹ̀ kí Jọláadé tó ní,
"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ náà ni ìrókò wà."

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ la padà dé orí odi ìsédò.
Ọlọ́kadà ti sùn lórí máṣíìnì rẹ̀, fìlà bojú.
Ó jí, ó ní ibo lẹ rìn dé?
Mo nawọ́ sí ilẹ̀ tí mo dúró lé.
Ó rẹ́rìn-ín, ó wá bu ẹgbẹ̀rún kan lé owó tí a jọ sọ.
Ó ní owó ìdúró ni.
Jọláadé, tí kì í ra iyọ̀ láì ná an,
wò mí, mo wò ó.
A san án pé.