Ó-dàárọ̀

Médùpín ajórin, nítòsí gáréèjì Ẹ̀gbẹ̀,
ló bá mi jó àhámọ́ náà.
Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kó fẹ̀, ajá yóò dàgbà."
Mo ní rárá. Kó lè yí po, kó lè na ẹsẹ̀, ó tán.
Bí yàrá bá fẹ̀ jù,
ọmọ ajá á fi igun kan ṣe ilé ìtọ̀,
á fi igun kejì ṣe ibùsùn.
Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Morẹ́nikẹ́ ló gbé e wá láti Lọ́kọ́ja nínú páálí bisikíìtì,
ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, etí rẹ̀ kò tíì le dìde.
"Ilé yìí dákẹ́ jù, Bàbá, látìgbà tí Màmá ti lọ."
Èmi kò sọ pé ó dákẹ́.

Alẹ́ àkọ́kọ́, ó sunkún títí ọyẹ́ fi sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Ọmọ́dárá yọjú lórí ògiri:
"Ọ̀kun o, Tíṣà. Ẹ ò sùn, àwa náà ò sùn.
Bó bá tọ̀, ẹ ti imú rẹ̀ bọ inú ìtọ̀ náà,
kó gbóòórùn ìwà rẹ̀."

Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní Ìsánlú
nígbà tí wọ́n ká ẹní tútù lé mi lórí,
tí wọ́n ní kí n rìn láti ojúde wa dé odò,
àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi: atọ̀ọ́lé, atọ̀ọ́lé.
Ẹní gbẹ. Ojú mi kò gbẹ.
Ìtìjú náà kò sì kọ́ àpò ìtọ̀ mi ní nǹkan kan.

Nítorí náà, kò sí omi mọ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́.
Aago mẹ́sàn-án, ìta.
Aago méjì òru, ìta,
ìdí igi kajú kan náà, kí imú rẹ̀ lè rántí.
N kì í tan iná ńlá, n kì í bá a ṣeré,
n kì í sọ̀rọ̀ àfi "ṣíììì,"
bí ìyá Morẹ́nikẹ́ ti í ṣe
nígbà tó bá gbé e dúró lẹ́yìnkùlé, tó ń tòògbé.
Bó bá ti ṣe é, ẹyọ edé kan.
Ó dàárọ̀, ọmọ mi. Padà sínú.
Ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá.

Kí n má purọ́: aago méjì yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.
Dókítà sọ orúkọ kan fún ohun tó wú nínú mi.
Mo ti gbàgbé orúkọ náà,
òun kò gbàgbé mi.
Èmi náà ń dúró ní apá kejì igi kajú,
mo ń kán tó, tó, bí ẹ̀rọ omi ìjọba,
ọmọ ajá ti parí, ó ń wò mí.
Kò rẹ́rìn-ín. Kò pàtẹ́wọ́.
Ó jókòó lórí ewé gbígbẹ, ó dúró dè mí.

Lọ́jọ́ karùn-ún ó tọ̀ sórí àkísà rẹ̀.
Oorun ló gbé mi lọ; ẹ̀bi mi ni.
Mo fọ àkísà náà kí ilẹ̀ tó mọ́,
mo sá a sẹ́yìn ilé
níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i.

Àná, aago méjì, mo ṣí àhámọ́.
Ó la ojú kan, ó tún pa á dé.
Mo fọwọ́ kan àkísà: ó gbẹ bí ẹ̀lùbọ́.
Ó ti lè mú un di òwúrọ̀.
Ó yẹ kí inú mi dùn.

Mo dá jáde. Ìràwọ̀ kún orí àpáta.
Mo dúró sí apá tèmi lára igi,
mo sì gbọ́ ohùn ara mi: "ṣíììì,"
sí ẹni tí kò sí níbẹ̀.
Lẹ́yìn náà ni èékánná kéékèèké ń ró lórí sìmẹ́ǹtì.

Kò wá ṣe nǹkan kan.
Ó jókòó lórí ewé, ó ń yán,
ó dúró dè mí.