Ayálégbé Ara Àkèré

Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán,
bí kò lé nǹkan, nǹkan ń lé e.
Èyí tí mo rí létí ọ̀sà ní Èjìnrìn
kò sáré rárá.
Ó jókòó sínú oòrùn bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi
tó ti lọ láti àárọ̀.
Mo fi igi tọ́ ọ. Kò mira.
Awọ itan rẹ̀ ń ṣí bí ìwé tí òjò pa.
Ohun tó ń lé e ti bá a,
ara rẹ̀ gan-an ló gbà á lálejò.

Táwákálítù, ọmọ Ọnàfúwà tó ń ta ẹja gbígbẹ,
tó lọ kàwé nípa àwọn ẹran kéékèèké tó sì padà wálé,
ló ṣàlàyé ọ̀tá náà fún mi:
ìbátan olú ni, olú tí kò ní agboòrùn,
kò hù lórí igi, kò hù lórí ààtàn,
inú omi ló ti ń lúwẹ̀ẹ́ wá,
awọ ló ń jẹ.
"Àkèré a máa fi awọ mu omi," ó ní,
"a sì tún máa fi í mí. Ta ló lè ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀?"

Mo rò pé oògùn ló máa yọ nínú àpò,
egbòogi kíkorò, tàbí abẹ́rẹ́ tí kò tó irun imú.
Òwú orí igi ló yọ.
Ó mú àkèré mìíràn nínú irà kan náà, èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá,
ó fi òwú nù ún níkùn, ó nù ún lábẹ́ ẹsẹ̀,
jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń nu itọ́ ẹnu ìkókó.
Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí sí yàrá ẹ̀yìn ilé wọn.
Nínú àwo pẹlẹbẹ, ohun tí ojú ò rí
ti pọ̀ títí ojú fi rí i:
elésè àlùkò, ó ń dán
bí ahọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu sóbò.
"Ayálégbé ni wọ́n," Táwá ní.
"Orí awọ ni yàrá wọn. Wọn ò san kọ́bọ̀,
ṣùgbọ́n bí olè bá dé géètì, àwọn ló ń lé e."

Ìyá àgbà mi, tó fi kànìnkàìn bó wa lára
títí a fi ń ké bí ewúrẹ́ ọjọ́ iléyá,
ì bá gbọ́ pé ìdọ̀tí kan wà
tí kì í sùn nítorí olówó rẹ̀.

A wẹ̀ wọ́n. Mọ́kànlá. Nínú ike tí a fi ń ṣan ìrẹsì tẹ́lẹ̀.
Omi irà wọn la bù, kì í ṣe omi ẹ̀rọ.
Ìwẹ̀ tí kò mú nǹkan kúrò lára,
ìwẹ̀ tó ń kó ará ilé sí ni lára.
Kí a tó kúrò níbẹ̀, a fi jíìkì fọ bàtà wa,
kí a má baà fẹsẹ̀ gbé ikú lọ sí irà kejì.
Bàtà gbọ́dọ̀ mọ́, àkèré ò gbọdọ̀ mọ́ jù:
mi ò tíì mọ bí n óò ṣe sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni lọ́jà Olúwo.

Mẹ́rin kú.
Ọ̀kan bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, a ò mọ tirẹ̀.
Táwá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kò fi ọ̀kan pa mọ́,
ó ní kò tíì dá òun lójú,
ó ní bóyá òjò tó tètè dé ló gba àwọn yòókù là.
Inú bí mi sí i díẹ̀.

Lálẹ́ àná mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ, mo pa á.
Òkùnkùn. Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan lódìkejì.
Ó pẹ́.
Ẹyọ ohùn kan, híhan, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Òmíràn dá a lóhùn lábẹ́ òṣíbàtà.
Mo kà dé mẹ́ta kí ẹ̀fọn tó lé mi wálé.
Mo dúró nídìí korobá, mo mú ọṣẹ dání,
mo sì wo ọwọ́ mi, tàtẹ́lẹwọ́ tẹ̀yìn rẹ̀,
ó pẹ́ kí n tó bu omi.