Ọmọ-ọmọ Òṣómàáló Gun Òpó

Ìyá mi béèrè lẹ́ẹ̀mẹta:
"Èló ni wọ́n ní ká mú wá?"
Mo ní wọn ò ní ká mú nǹkan kan wá.
"Ọtí ìgbàṣẹ́ ńkọ́? Owó ìwé àdéhùn ńkọ́?"
Mo ní Màámi, iléeṣẹ́ iná ni yóò máa sanwó fún mi,
lóṣooṣù, fún ọdún mẹ́ta gbáko.
Ó sọ abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.
"Ọmọṣẹ́ tí ń gbowó oṣù!
Abíọ́nà, lọ tún lẹ́tà náà kà,
bóyá o ṣì í kà."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò fún wa ní wáyà.
Ọ̀gá Ògúnṣakin kó wa lọ sábẹ́ igi máńgòrò
lẹ́yìn ọ́fíìsì,
ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀.
Ìka mẹ́ta ló kù.
Kò sọ ìtàn kankan. Ó ní ká kà á.
A kà á.
Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi gun òpó tí kò ní iná,
òpó igi ògbólógbòó tó ń fi ẹ̀gún gún ni nítan.
Adéwùsì gùn ún bí ọ̀bọ.
Èmi gùn ún bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.
Bẹ́líìtì mú mi níbàdí, mo wo Iléṣà láti òkè:
páànù tó ti dípẹtà títí dé Ìṣọ̀kún,
ewúrẹ́ kan lórí ilé ìdáná onílé,
obìnrin kan tó ń ká aṣọ tí kò tíì gbẹ.
Mo ní, okùn aṣọ, okùn iná,
láti ibí yìí, ọ̀kan náà ni wọ́n.
Ọ̀gá gbọ́ mi nísàlẹ̀:
"Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà!
Dán an wò kí o tó fọwọ́ kàn án.
Ẹni tó pa á lánàá kọ́ ni yóò tàn án lónìí,
jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì lè rán ikú padà sórí wáyà.
Iná kì í kọ́kọ́ kí ni, Abíọ́nà.
Kì í kí ni rárá."

Nígbà tí owó àkọ́kọ́ wọlé,
ìyá mi fi etí ìró nu ojú fóònù mi
kí ó tó kà á.

Bàbá bàbá mi, òṣómàáló ni.
Ó gbé aṣọ láti Ẹrẹ́jà dé Ìkàrẹ́, dé Ọ̀fà,
ó tà á láwìn, ó sì padà lọ lóṣòó
lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Kò jókòó, kò dìde,
títí owó fi jáde láti ìsàlẹ̀ ìkòkò.
Wọ́n ní orúnkún rẹ̀ kò nà tán mọ́ títí ó fi kú.

Mo rántí rẹ̀ ní oṣù kọkànlá,
nígbà tí wọ́n fún wa ní orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè iná.
Ẹnì kẹta: Tíṣà Olówófóyèkù,
ẹni tó kọ́ mi ní ìsọdipúpọ̀,
tó fi ẹfun kọ méje lọ́nà mẹ́jọ sí mi lápá
nítorí mo máa ń gbàgbé rẹ̀.
Ó jáde tòun ti ìbora lọ́rùn.
"Abíọ́nà, ìwọ ni?
Di bẹ́líìtì rẹ dáadáa o."
Kò bẹ̀ mí. Ìyẹn ló burú jù.
Mo gùn ún. Mo já a.
Mo sọ̀ kalẹ̀, orúnkún mi ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé, mi ò wọ aṣọ iṣẹ́.
Mo tò sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ sanwó iná.
Èrò pọ̀, kò sí àga,
mo lóṣòó.
Akọ̀wé yọjú lójú fèrèsé:
"Ta ni bàbá yìí jẹ́ sí ọ?"
Mo ní, "Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè."
Ìdajì ni owó mi ká. Wọ́n gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá na àkàbà sí mi, kò sọ̀rọ̀.
Adéwùsì ní mo ṣì ń gùn ún bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.
Mi ò dá a lóhùn.
Mo dán wáyà náà wò
lẹ́ẹ̀mejì.