Agídí Irin

Ní Súérátì, lórí iyanrìn Moriténíà,
irin dúró bí ẹni pé wọ́n gbìn ín.
Igba ọkọ̀ ẹrù, òkúta dúdú kún ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ẹnu,
Yáhdíh sì jókòó níwájú gbogbo wọn,
ó ń fi etí láwàní nu imú.
Kò kánjú.
Ẹni tó bá sùn jinlẹ̀, ó ní, a kì í gbá a létí jí i.

Ó rọ́ ọ síwájú díẹ̀. Ìkọ́ àkọ́kọ́ nà, ó ké,
ó jí ìkejì, ìkejì jí ìkẹta,
ariwo ń sáré sẹ́yìn nínú aṣálẹ̀
gbà-gbà-gbà-gbà
bí ìròyìn òkú tó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé,
títí ó fi kan ọkọ̀ tó kẹ́yìn pátápátá
níbi tí Mbeirika jókòó sí lórí òkúta
pẹ̀lú ewúrẹ́ méjì àti Deddahi, ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ọkọ̀ ti gbéra. Tíì inú ife ò tíì gbọ́.
Súérátì ló ṣì fẹ́ wà;
ó fò sẹ́yìn, ó dà sí ìyá àgbà láyà.
Ewúrẹ́ ṣubú lu ewúrẹ́.
"Ta ló tì wá, Ìyá?"
"Kò sẹ́ni tó tì wá.
Wọ́n fa ìdúró wa lọ ni, àwa la ò fẹ́ tẹ̀ lé e."

Òru dé, òtútù dé.
Irin tó kọ̀ tí kò fẹ́ gbéra
ló wá kọ̀ tí kò fẹ́ dúró mọ́.
Agídí kan náà ni; ó kàn yíjú sọ́nà ni.
Yáhdíh mọ̀ ọ́n, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ó mọ igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó dá wà,
níbi tí iná ìlú kankan ò tíì hàn:
ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ bíréèkì lọ́wẹ̀.

Lọ́dún kan, ràkúnmí dúró sójú irin.
Ó fọn fèrè. Ó fa bíréèkì dé ìdí.
Ó rí ojú rẹ̀, ó rí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gígùn.
Ọkọ̀ dúró lóòótọ́,
ṣùgbọ́n ràkúnmí ti di ohun ẹ̀yìn,
ìrìn ẹsẹ̀ ogún ìṣẹ́jú.
Ó rìn ín padà.
Darandaran náà ò bá a jà.
"Ṣé o rí i?"
"Mo rí i."
"Ṣé o fẹ́ dúró?"
"Mo fẹ́ dúró."
Ó bu tíì fún un. Wọ́n mu ún láìsọ̀rọ̀.

Lálẹ́ àná ni ìrìn rẹ̀ ìkẹyìn parí ní Nuadibú.
Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n fún un níwèé kan tó ní òǹtẹ̀.
Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní.
Ògiri dúró. Àtùpà dúró.
Òun nìkan ló ń lọ,
òkúta rẹpẹtẹ lẹ́yìn rẹ̀,
ọwọ́ ọ̀tún ń wá ohun tí yóò fà nínú òkùnkùn.

Tislem, ìyàwó rẹ̀, na ọwọ́, ó gbé e lé e láyà.
Kò tẹ̀ ẹ́. Ó kàn gbé e síbẹ̀.
Ìdájí ti ń là lórí òkun
kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀rìn.